Iṣu Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, Àkànkẹ́ ló jẹ iṣu náà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tó ń fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti iyán sọ́nà ọ̀fun, tó sì tún gbójú sókè, tó ní, “Uṣu yìí mà dùn o! Oko ta ni wọ́n ti wà á?” Àwọn ọkùnrin tó wá kọ́ àtíbàbà onímọ̀ọ̀pẹ sínú àgbàlá rẹ̀ ń jẹun ni tiwọn. Àkànkẹ́ bu òkèlè mìíràn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, òun alára sì máa ń sọ pé ìdí òun tóbi tó láti jókòó lé gbogbo ìwà òmùgọ̀ Ìkọ̀lé lórí, kí ó tún ṣẹ́ kù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Ṣèyífúnmi, ọmọ Bùsáyọ̀ ọmọ rẹ̀, ń ṣègbéyàwó ní Sátidé. Kò fẹ́ gbọ̀ngàn, àgbàlá ìyá ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Ó ní kàkà kí Dọ̀tun ọkọ òun lọ ra iṣu méjìlélógójì lọ́jà bí ẹni ń ra búlọ́ọ̀kù, kí ẹbí méjèèjì pín in ṣe: ilé kan, iṣu kan, láti oko ara wọn. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó mú iṣu wá ni yóò gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sọ ẹni tó kọ ebè rẹ̀, tí yóò sì wúre fún ìyàwó.

“Èwo ni ti pé ìyàwó ń gbé iṣu wá?” ni Àkànkẹ́ bi í. “Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ọkọ ni?”

“Yèyé, a ó pàdé ní àárín ọ̀nà ni.”

“Àárín ọ̀nà ni mọ́tò ti ń gbáni.”

Mọ́kànlélógún ni ti ẹbí ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń dé sí ilé ìdáná Àkànkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ojú rẹ̀ ń fà ro. Ọ̀kan wọ́ bí ìka arúgbó. Ọ̀kan ní kókó lọ́rùn. Èyí tí Isaac ọlọ́kadà gbé dé lọ́jọ́ Túsìdeè ló burú jù: ó la ẹsẹ̀ méjì gbàgà nísàlẹ̀, ó sì yọ gbọ̀ngbò kan sí ibi tí kò yẹ kí iṣu ti ní ohunkóhun. Àkànkẹ́ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ẹ gbà mí! Ọkùnrin ni ọ̀gbẹ́ni yìí!”

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó rò ó bí àwọn àna láti Ọ̀yẹ́, tí bàbá ọkọ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, yóò ṣe jókòó tí wọn yóò máa wo ọ̀gbẹ́ni oníhòòhò yìí. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Kò bi Isaac ẹni tó rán an. Ó forí lé ọjà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ó ra mọ́kànlélógún tó gùn gbọọrọ, tó jọra bí ìbejì, ó tò wọ́n, ó fi ìró bò wọ́n. Ó gún mẹ́sàn-án nínú àwọn oníwọ́rọkọ fún àwọn tó ń kọ́ àtíbàbà, ó sé ìyókù mọ́ ẹ̀yìn àgbá omi. Orí iṣu mẹ́sàn-án náà ló jù sínú agbọ̀n, nítorí ọmọ àgbẹ̀ kì í ju orí iṣu nù. Ibẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀mìíràn yóò ti hù.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Ṣèyí wọlé, ó ṣí ìró, ó wò, ó wo ẹ̀yìn àgbá omi.

“Yèyé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí Isaac gbé wá dà?”

“Ẹlẹ́sẹ̀ méjì wo? Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Yèyé, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣu Ìyá Ìrè ni.”

Àkànkẹ́ wá àpótí, ó jókòó. Ìyá Ìrè ni Fọláyẹmí, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ìyàwó Ògúndélé àgbẹ̀ ní Ìrè. Ọdún kẹfà rèé tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Níbi ìsìnkú ìyá wọn, Fọláyẹmí ti oko dé pẹ̀lú aṣọ tí kò bá ti àwọn yòókù mu. Nígbà tí ayafọ́tò ní kí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ olóòkú tò, Àkànkẹ́ fi ìgúnpá tì í, ó ní, “Sún díẹ̀, má ba fọ́tò jẹ́.” Fọláyẹmí sún. Ó sún títí ó fi dé Ìrè, kò sì padà wá mọ́.

“Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n,” ni Ṣèyí wí. “Wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀, wọn ò sì sọ pé àwọn ò bọ̀. Wọ́n kàn ní àwọn yóò fi iṣu ránṣẹ́, tí ẹ bá ti gbà á, àwọn yóò wá gbé e kalẹ̀. Ṣé ẹ rò pé iṣu ló ń dùn mí? Nítorí ẹ̀yin méjèèjì ni mo ṣe dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.”

“Mo gbà á,” ni Àkànkẹ́ fi ohùn kékeré wí. “Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ti wà nínú ikùn.”

Ṣèyí kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, Àkànkẹ́ kò lè jókòó, kò lè dúró. Ó dé ilé aládùúgbò mẹ́rin, ó ń bèèrè iṣu tó ní ẹsẹ̀. Wọ́n bi í bóyá iṣu náà ń rìnrìn-àjò ni. Ó padà délé, ó mú èyí tó tóbi jù nínú iṣu Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ó fi ọ̀bẹ la ìdí rẹ̀ sí méjì, ó gbẹ́ gbọ̀ngbò náà pàápàá, ó wá fi ẹrẹ̀ pa gbogbo ibi tó funfun. Iṣu dà bí ẹni tó ṣubú sínú àbàtà nígbà tó ń sá fún gbèsè.

“Yèyé,” ni Ṣèyí wí, “ẹni tó kọ ebè rẹ̀ lẹ fẹ́ fi èyí tàn?”

Àkànkẹ́ ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó gbé agbọ̀n orí iṣu, ó ní kí wọ́n pe Isaac kó gbé òun lọ sí Ìrè.

Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa bo ọ̀nà. Àkànkẹ́ di agbọ̀n mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

“Isaac, rọra! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Isaac rọra.

“Isaac, ṣé o ti sùn ni? Ilẹ̀ ń ṣú!”

“Yèyé, èwo ni kí n ṣe níbẹ̀?”

“Méjèèjì!”

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n bá Fọláyẹmí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní “Ẹ kú ọ̀nà,” ó sì padà sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àkànkẹ́ ti tò jọ lórí ọ̀kadà ti bá eruku lọ.

“Mo jẹ ẹ́,” ló jáde.

“Kí lẹ jẹ?”

“Uṣu rẹ. Mo gún un. Mi ò mọ̀ pé tìrẹ ni. Mo rí i pé ó burẹ́wà, ojú àna sì ń tì mí.”

“Ó burẹ́wà lóòótọ́. Ògúndélé ní kí n wọ ṣòkòtò fún un kí n tó fi ránṣẹ́.”

Ẹ̀rín gbọn Àkànkẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á láti tú u sílẹ̀. Fọláyẹmí ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Nínú orí mẹ́sàn-án, kò wo ẹ̀ẹ̀mejì, ó yọ ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nu ún.

“Irú èyí tí ìyá wa ń gbìn sẹ́yìn ulé ni,” ó ní. “Ọdọọdún ni mo ń gbìn ín. Bí ilẹ̀ bá le, a máa la ẹsẹ̀.” Ó gbé orí iṣu náà lé itan. “Níbi fọ́tò, ẹ yọ mí. Níbi uṣu, ẹ jẹ mí.”

Àkànkẹ́ tú ìdí ìró rẹ̀, ó tún so ó. Níkẹyìn ó ní, “Mo wá mú ọ ni. Orí yẹn ni kí o gbé kalẹ̀ ní Sátidé. Èmi ló máa sọ ibi tí ìyókù wà fún wọn.”

“Níwájú àna?”

“Níwájú àna. Màá lu ikùn mi gbì gbì hàn wọ́n.”

Ẹ̀rín já mọ́ Fọláyẹmí lẹ́nu, ó sáré gbé e mì. Ó ṣan ọwọ́ nínú abọ́ omi. Ó wo aṣọ ara rẹ̀, aṣọ oko, omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Lẹ́bàá ọ̀nà, Isaac ti tún ṣáná sí ọ̀kadà.

“Irú aṣọ tí mo ní náà nìyí,” ni Fọláyẹmí wí. “Bí ayafọ́tò bá ní kí n sún, ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa wí?”