Jìtá Apá Ọ̀tún

Kò sí níbẹ̀.

Mo tún fi abẹ́rẹ́ lé àwo orin náà, mo tún tẹ́tí, kò sí níbẹ̀. Dùùrù wà. Ìlù wà. Ọmọkùnrin olóhùn híha yẹn wà, ó ń ké bí ẹni tí oyin ta… ṣùgbọ́n jìtá kejì, èyí tó máa ń dá a lóhùn, tó máa ń yọ́ wọlé lẹ́yìn ẹsẹ kejì bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé tí kò sì fẹ́ kí wọ́n rí òun — òun ni kò sí. Àwo tuntun kejì rèé. Ti àkọ́kọ́ kò ní in, èyí náà kò ní in. Ṣé àwọn tó tún àwo yìí tẹ̀ ló yọ jìtá kúrò nínú rẹ̀ ni? Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ṣé èèyàn lè se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tán kó wá ṣa ẹ̀gúsí kúrò?

Bíllíkísù sì ń bọ̀. Ó ní tóun bá ti kírun alásárì tán, òun ń bọ̀, kì í sì í yẹ àdéhùn. Á jókòó, á yọ ìbòrí, á wò mí lójú: "Sárà, èyí ńkọ́? Ṣé ó dáa?" Kí ni n óò wí? Kí n tún sọ pé kò dáa? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, nígbà tó gbé àkọ́kọ́ wá… "Ẹni tí kò mọ àwo orin yàtọ̀ sí àwo ọbẹ̀ ni wọ́n ń ta irú èyí fún." Bíllíkísù ni mo sọ ọ́ sí. Bíllíkísù! Kò bá mi jà. Ìbá tiẹ̀ bá mi jà. Ó kàn ní, "Má bínú, n óò tún wá òmíràn," ó sì wọ mọ́tò lọ sí Kánò.

Nítorí Aláfárá ni gbogbo rẹ̀. Àwa la sọ àwo àtijọ́ wa lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n ya afárá onígi kan sí, afárá náà já láàárín, àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́rin onírun gígùn jókòó sétí ibi tó já, wọ́n ń mi ẹsẹ̀ bí ẹni pé odò kò sí nísàlẹ̀. Ìlọrin la wà nígbà náà, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Tíṣà òyìnbó tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì ń padà sílùú rẹ̀, ó pe "àwọn ọmọ Kàbà", bó ṣe máa ń pe àwa méjèèjì nìyẹn, ó fi àwo náà lé wa lọ́wọ́. Àwo kan, ọmọbìnrin méjì. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Báwo la ṣe fẹ́ pín in? A ò pín in. Ìgbà òjò lọ́dọ̀ mi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ rẹ̀. A lọ́kọ, a bímọ, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, òun ń ta aṣọ, wọ́n yọ wá lára Kúwárà wọ́n so wá mọ́ Kogí, Aláfárá ò yé ṣí kiri láti ilé tiwa lọ sí ilé tiwọn. Bàbá Tiwalọlá, ọkọ mi, máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Tiwa, àwo yín ti nílé méjì. Èmi ṣì ń kọ́ ẹyọ kan."

Mo dúpẹ́ fún àwo yẹn. Mi ò mọ ọpẹ́ tí mo lè dá fún un. Orin àwọn tí n kò mọ̀ rí, èdè tí kì í ṣe tèmi, ó sì mọ ibi tí àyà mi wà…

Ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ó ń ha. Abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìdí tí a fi ń wá àwọn àtúntẹ̀ nìyẹn, tirẹ̀ àti ti àwọn àwo orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ yòókù tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Tí ọ̀kan bá dé, a ó gbé ti àtijọ́ sílẹ̀, a ó gbé tuntun sílẹ̀, a ó gbọ́ orin kan náà nínú méjèèjì, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. "Ìlù èyí ki jù." "Irọ́ ni, ti àtijọ́ ló ní ẹran lára." Hẹ́dífóònù, èyí tó ń bo etí méjèèjì, la fi ń gbọ́ ọ, nítorí Màmá, ìyá ọkọ mi, máa ń sùn lọ́sàn-án, ó sì ní orin wa ń lé àlá òun lọ. A ń gbé e fún ara wa bí ìgbà tí à ń gba ife omi lọ́wọ́ ara wa. Ìgbádùn wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Láti bí ọdún méjì ṣáá, kò sí àtúntẹ̀ kan tó tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Gbogbo wọn ló dà bí ọtí tí wọ́n bomi là. Àwọn tó ń tẹ àwo yìí ò mọ iṣẹ́ mọ́…

Jẹ́ kí n tún un gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tó bá dé.

Okùn hẹ́dífóònù yìí ti há mọ́ àga. Áà, kò fẹ́ jáde. Ó dáa, n óò yí i padà, kí okùn gba apá kejì. Ó ti bọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì… ohùn ọmọkùnrin yẹn ń lọ sílẹ̀…

Há!

Ó wọlé. Jìtá náà nìyẹn! Ó ń yọ́ bọ̀, ó ń fèsì, ó mọ́ gaara bí omi àpáta. Kì í ha, kì í fò. Ó wà níbẹ̀! Bíllíkísù, o kú iṣẹ́, èyí tó dáa lo rí rà o! Mo mọ̀ pé àkọ́kọ́ yẹn ni kò pé. Èyí pé, ó ní jìtá, ó ní ìlù, ó ní… dùùrù dà?

Dùùrù dà?

Dùùrù ti lọ. Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.

Ẹ gbà mí. Kí n gbé àkọ́kọ́ sí i, èyí tí mo bú. Ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì… jìtá wà. Ó wà nínú èyí náà! Dùùrù kò sí. Kí n wá yí hẹ́dífóònù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀… dùùrù dé, jìtá lọ. Kí n tún yí i. Jìtá dé, dùùrù lọ. Ó ń ṣe bí ọkọ àtìyàwó tó ń jà, tí ọ̀kan ò fẹ́ bá èkejì nílé.

Rárá. Kì í ṣe àwo.

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ ronú. Ṣebí ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ara páálí tuntun, wọ́n kọ sítẹ́rìò sí i: wọ́n ti pín ohùn, òmíràn sí ọ̀tún, òmíràn sí òsì, ìlù àti olórin sí méjèèjì. Ti àtijọ́, mónò ni: wọ́n kó gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan, ohun tí etí yìí ń gbọ́ náà ni etí tọ̀hún ń gbọ́. Jìtá wà lápá ọ̀tún. Tó bá bọ́ sí etí òsì mi, mo gbọ́ ọ. Tó bá bọ́ sí etí ọ̀tún…

Agogo ọwọ́ mi. Kí n gbé e sí etí òsì: ó ń dún, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Etí ọ̀tún…

Etí ọ̀tún…

Bóyá kò kàn án dáadáa. Kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òtútù irin nìkan ni. Irin tútù lára etí, kò sí nǹkan mìíràn.

Ibà yẹn ni. Ibà ńlá tó gbé mi dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́dún tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, orí mi ń hó bí ìkòkò, mo ní yóò lọ. Híhó náà lọ lóòótọ́. N kò mọ̀ pé ó mú nǹkan lọ.

Báwo ni n kò ṣe mọ̀? Ọdún méjì! Báwo ni èèyàn ṣe ń pàdánù odindi apá kan ayé tí kò…

Wọ́n mọ̀.

Wọ́n mọ̀ o. Bàbá Tiwalọlá mọ̀. Láti ìgbà ibà yẹn ló ti ní ká pààrọ̀ ibi tí à ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì: "Atẹ́gùn fèrèsé yìí ti pọ̀ jù fún mi." Ó wá sí apá òsì mi. Ọkùnrin tó máa ń sùn níta nígbà ooru, atẹ́gùn wo ló pọ̀ jù fún un? Màmá mọ̀. Tẹ́lẹ̀, láti inú yàrá rẹ̀ ló ti máa ń ké pè mí. Nísinsìnyí, á mú ọ̀pá, á wọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, á wá dúró síwájú mi gangan kó tó kí mi pé, "Okun o, ìyàwó mi." Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni kò jẹ́ kó lè jókòó sójú kan. Bíllíkísù… gbogbo ibi tí a bá jọ ń rìn, á yí sí òsì mi. Lójú ọ̀nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ síbi ìsìnkú kan, ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn, Bíllíkísù fà mí lápá wọgbó. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ọmọdé ni mí?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀."

Gbogbo wọn mọ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n ń káàánú mi lẹ́yìn mi, wọ́n sọ mí di ẹyin tí à ń rọra gbé, èmi Sárà tí…

Dúró ná. Ta ni mo gbà láyè kó sọ ọ́ fún mi? Bàbá Tiwalọlá gbìyànjú. Ó gbìyànjú lórí oúnjẹ: "Ìyá Tiwa, mo ní ṣé ká lọ rí dókítà ní Lọ́kọ́jà, nítorí…" Mo já a lẹ́nu. "Dókítà kí ni? Ta ni kò yá?" Ojú tí mo fi wò ó! Ó gé òkèlè iyán rẹ̀. Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n fi pa mọ́ fún mi. Wọ́n ṣí àyè sílẹ̀ fún mi ni. Ilé yìí ti yí padà yí mi ká láti ọdún méjì, ẹnìkan sún díẹ̀, ẹnìkan rìn díẹ̀ sí i, ẹnìkan bọ́ sí apá kejì, tí n kò fi kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Arúgbó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ṣe ohun tó lè fi ẹnu ṣe. Olúwa mi. Ta ni mo jẹ́? Mo jókòó síbí, mo ń ka ohun tí kò sí nínú àwo…

Etí òsì sì wà. Ẹ ṣeun, Olúwa, etí òsì wà. Mo ti gbọ́ jìtá yẹn lónìí bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí, láti Ìlọrin títí dé ìsinsìnyí: ó dá wà, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ti àtijọ́, ariwo bò ó mọ́lẹ̀. N óò lọ rí dókítà. N óò sọ fún Bàbá Tiwalọlá pé kó jẹ́ ká lọ. Bó bá ṣeé ṣe, ó dáa. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó ṣì dáa, n óò máa yí hẹ́dífóònù padà, n óò máa gbọ́ àwo kan bí àwo méjì.

Ṣùgbọ́n Bíllíkísù… ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò yé mi nínú tirẹ̀. Bíllíkísù kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó yẹ̀ yẹn, àwàdà nìyẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, kì í purọ́. Ó máa ń fi àbàwọ́n aṣọ han oníbàárà kó tó dá owó lé e. Àná tó gbé àwo kejì yìí wá, ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn ló ti ní, "Èyí tí wọ́n kọ mónò sí ni mo ní kí Mállàm tó ń ta àwo wá fún mi. Ó ní irú ẹ̀ ò sí mọ́. Èyí náà ni mo rí." Mo pòṣé nínú ara mi: ta ló ń fi sítẹ́rìò sílẹ̀ tó ń wá mónò? Ohun tí mo lè gbọ́ tán ló ń bá mi wá kiri Kánò. Ìyẹn ti yé mi báyìí. Èyí tí kò yé mi ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó gba hẹ́dífóònù lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ orin náà dé òpin, ó gbójú sókè, ó ní, "Òótọ́ ni, Sárà. Jìtá kò sí níbẹ̀."

Etí rẹ̀ méjèèjì pé. Jìtá wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Kí ló dé tó fi…

Dúró. Kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rí ojú mi, ó dúró. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́… mo rí i, mo rò pé yẹtí rẹ̀ ló ń tún ṣe… ó gbé apá ọ̀tún hẹ́dífóònù kúrò létí, ó fi òsì nìkan sílẹ̀. Ó di ojú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ gbogbo orin náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà yẹn ló tó ní kò sí níbẹ̀.

Kò purọ́. Ó wá bá mi níbi tí mo wà ni. Ó gbọ́ Aláfárá bí èmi ṣe ń gbọ́ ọ, ó sì jẹ́rìí sí i.

Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ló gbọ́ àwo náà láìsí jìtá. Mo dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Mo dúpẹ́…

Àwa méjì ni.