Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́sàn-án ti Àwẹ̀ní

Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré ni ilé iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ṣe tú ká láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, bí mo ṣe ṣe é náà ni màá tún ṣe é.

Ràhímátù ni orúkọ mi, ọmọ Àwẹ̀ní tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Atakpamé. Èmi àti Émile la jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, a pè é ní Ọjà Lónìí. Èmi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, òun ń wá owó kiri. Àgbẹ̀ tó wà ní Glei, tí kò mọ̀wé, tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ti oníbọ́tìnnì lásán, yóò pe nọ́ńbà wa láàárọ̀, yóò sì gbọ́ iye tí wọ́n ń ra àgbàdo, iṣu àti ẹja lọ́jọ́ náà. Kò ní san nǹkan kan. Àwa là ń sanwó ìpè rẹ̀ fún àwọn onítẹlifóònù, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló sì lówó lórí.

Ohùn ìyá mi ni wọ́n ń gbọ́. Ogójì ọdún ló ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Nangbéto, tó ń tà á fún gbogbo àgbègbè yìí, kò sì sí ẹni tó lè dìde sọ pé Àwẹ̀ní parọ́ iye owó fún òun rí. Kò nílé, kò ní mọ́tò. Orúkọ yẹn ló ní. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í tó ń ka nọ́ńbà àti orúkọ ọjà sínú fóònù mi, ní Yorùbá àti ní Ifẹ̀, èdè àwọn ará àgbègbè wa, kí kọ̀ǹpútà lè máa tò wọ́n pọ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní sọ iye ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí èèyàn.

"Ta ló ń já lu èèyàn pẹ̀lú iye owó láàárọ̀ kùtù?" ló bi mí. "Ṣé ẹran ni wọ́n ni?"

Ó bá gbé ẹnu sún mọ́ fóònù: "Ẹ kú àárọ̀ o. Àwẹ̀ní ni. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ pa fóònù, ó gbá mi lọ́wọ́. "Jẹ́ kí wọ́n dáhùn." Ó dúró fún bí àáyá méjì, ó wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjà tòní rèé."

Àáyá mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti dúró lọ́jà rí ọkùnrin gìrìwò tó di fóònù mọ́ etí, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Kí ọdún kan tó pé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń pè wá.

Ìgbà náà ni àwọn olówó kan ní Lomé dá sí i. Wọ́n fi owó sílẹ̀, a fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èrè. Émile padà dé láti ìpàdé wọn pẹ̀lú bàtà tuntun àti ìṣirò tó kún ojú ìwé mẹ́ta.

"Ìkíni yìí ń jẹ èrè wa," ló wí. "Àáyá mẹ́sàn-án, lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, lójoojúmọ́! Méjì nínú rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. À ń sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Ràhímátù!"

Ká ní àjèjì ló sọ ọ́, ǹ bá fojú fò ó. Ọmọ Ifẹ̀ ni Émile, ó sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ tó wà lábúlé, bí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ láìkí i, igbó ló máa nawọ́ sí fún ọ. Mo sọ fún Émile pé kó jẹ́ ká ta ìròyìn ọjà fún àwọn oníṣòwò ńlá tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ra àgbàdo, kí wọ́n máa sanwó, kó fi ìkíni ìyá mi sílẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Èmi òmùgọ̀ rò pé a ti fẹnu kò.

Mo lọ sí Nangbéto fún ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bí wọ́n á ṣe máa fi iye ẹja ránṣẹ́ sí wa. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà dé Atakpamé, mo wà nídìí àtẹ ìyá mi nígbà tí Ṣàngówáwa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Àgbà àgbẹ̀ ni, láti ìtòsí Glei. Ó ṣí fìlà.

"Àwẹ̀ní, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ìwọ kẹ̀? Kí ló dé?"

"Ọjọ́ márùn-ún rèé tí mo ń pè ọ́ tí o ò kí mi mọ́. O kàn ń ju iye owó sí mi létí. Àwọn ará ilé mi ní bóyá o ti kú, pé ohùn rẹ ló kù. Mo ní kí n wá fi ojú mi rí ọ."

Ìyá mi yíjú sí mi. Kó tó sọ̀rọ̀, Ṣàngówáwa ti ń bá tirẹ̀ lọ.

"Èyí tó dùn mí jù ni ti àgbàdo. O ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ni àpò kan. Aago méje ni àwọn ọlọ́kọ̀ dé, mo ta àpò mẹ́jọ fún wọn ní iye tí o pè. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, àbúrò mi pè ọ́, o ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ni. Ọjọ́ kan náà, Àwẹ̀ní! Ẹnu kan náà!"

 Èmi ni ìyá mi ń wò, ojú yẹn ò sì tíì kúrò lára mi di òní.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí apẹ̀rẹ̀ ẹja níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ìkíni kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́rin wà tí n kò kọ. Ohun tí wọ́n pa láṣẹ nìyí: oníṣòwò tó bá ń sanwó, sọ iye tòní fún un láago márùn-ún. Ẹni tí kò bá sanwó, tí ọjà bá gbówó lórí, sọ iye àná fún un títí di aago mẹ́wàá. Ètò wa máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan. Émile ni.

Mo gun òkè lọ sí ọ́fíìsì wa, àfi bí ẹni pé iná ń jó mi lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni. Àwọn tó ń sanwó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Òwò nìyẹn."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ yàtọ̀. Kí o parọ́ fún àwọn yòókù yàtọ̀!"

"Kì í ṣe irọ́. Iye àná ni. Òótọ́ ni lánàá."

Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí. "Ìyá mi ni o fi ń sọ ọ́! Ìyá mi!"

"Bí a ò bá rí èrè láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á gba owó wọn, a ó ti ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ṣé ìyẹn ló tẹ́ ọ lọ́rùn?" Ó gbé ìwé àdéhùn wa jù sórí tábìlì. "Kóòdù, ètò tí o kọ, ti ilé iṣẹ́. Nọ́ńbà, ti ilé iṣẹ́. O fọwọ́ sí i."

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn. Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo kà á, ojú ìwé mọ́kànlélógójì. Wọ́n kọ kóòdù síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ kọ àga mẹ́fà. Kò sí Àwẹ̀ní níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé èèyàn ló ni ohùn yẹn.

Mo sọ fún ìyá mi pé màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Bí o bá pa á rẹ́, wọ́n á ní mo kú lóòótọ́," ló wí. "Orúkọ mi ni wọ́n fi rẹ́ wọn jẹ. Ẹnu mi ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Gbé fóònù yẹn wá."

A da aṣọ borí nídìí àtẹ kí ariwo ọjà má bàa wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ò dúró kí ẹnikẹ́ni pè. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ètò náà pe gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, kí ilé iṣẹ́ sì sanwó rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Àwẹ̀ní ni. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò kú o. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń fi ohùn mi sọ iye àná fún yín, tí wọ́n sì ń sọ tòní fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn mi ni. Ẹ forí jì mí. Ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́. Èmi gan-an ni kí ẹ pè." Ó wá ka nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pẹ́ rárá tí Émile fi pè. Mo ti pa fóònù mi, nítorí náà ti ìyá mi ló pè, ó sì ń pariwo débi tí mo fi ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó. A ti ba òun jẹ́. A ti pa ilé iṣẹ́. Àwọn ará Lomé á gbé wa lọ sílé ẹjọ́. Ìyá mi jẹ́ kó sọ ọ́ títí èémí fi tán nínú rẹ̀.

"Émile, káàárọ̀ o," ló wí. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó dákẹ́, ó ń dúró. Mo ka àáyá méjì, mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́sàn-án. A ń gbọ́ bí Émile ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó gé fóònù náà.

Ìyá mi ò tíì gbé e kalẹ̀ tó tún fi dún. Ṣàngówáwa ni, láti Glei. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti dúró sẹ́nu oko rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ iye àgbàdo. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló kọ́kọ́ sọ.

"Wọ́n wà, Àwẹ̀ní," ló wí. "Gbogbo wọn ló wà."