Ẹni Tó Ń Tẹ Ìwé Yìí

Ìkẹta rèé.

Akọ̀wé ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ da àpótí àdúrà dé sórí tábìlì nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì ti rí i láàárín àwọn ìwé yòókù kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ bá ara mu rẹ́gí. Ó fi bírò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń ti kòkòrò. Ó ka gbogbo èyí tó kù, ó tò wọ́n, ó dìde lọ ti fèrèsé tí kò yẹ ní títì nínú ooru ọ̀sán, kí ó tó padà wá jókòó tú u.

"Mo ti rí irú èyí rí. Mo dákẹ́. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má tún dákẹ́. Ẹni tó ń tẹ ìwé yìí ni mò ń tọrọ fún."

Kò sí orúkọ nísàlẹ̀, kò sì nílò orúkọ. Ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ ni. Ìrù "g" ká sẹ́yìn bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Abẹ́ "ẹ" àti "ọ" kò ní àmì tó-tó bí ti gbogbo ayé, ìlà kékeré ló wà níbẹ̀, tó dúró ṣánṣán. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá náà fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ìwé kíkọ. Bí àwọn ọmọ náà bá ti dé kíláàsì kejì, tíṣà tó wà níbẹ̀ á ní kí ni rádaràda yìí, á sì tún gbogbo rẹ̀ kọ́ wọn. Òun nìkan ló kọ̀wé bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ ogbó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín.

Èyí àkọ́kọ́ wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ẹni tó ń tẹ ìwé yìí." Akọ̀wé, tó jẹ́ pé òun ló ń tẹ gbogbo ìwé inú àpótí, ní bóyá ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló fẹ́ ṣe é lóore, ó sì fi ìkọ̀wé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkàn rẹ̀. Èyí kejì ló gba oorun lójú rẹ̀: "Ohun tó wà lábẹ́ apá òsì ẹni tó ń tẹ ìwé yìí ń dàgbà. Ẹ bá mi bẹ Olúwa."

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ní bálùwẹ̀ ló ti rí kókó náà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn òsì, nígbà tó ṣì kéré bí ẹ̀wà. Ó ti tó orí àtàǹpàkò báyìí. Opó ni, kò sí ọkọ tí yóò fọwọ́ kàn án. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún Pásítọ̀, kò sọ fún bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Láràárọ̀ ló ń fi òróró àdúrà pa á, tó ń ka sáàmù sí i, tó sì ń sọ fún Olúwa pé Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Ó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbààwẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀, ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà òkú ni wọ́n gbé jáde. Akọ̀wé ti búra pé òun kò ní bá àwọn dókítà aláṣọ funfun yẹn da nǹkan pọ̀.

Bó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ta ló wá sọ fún olóògbé? Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò sì jẹ́ kó lè wo dígí bálùwẹ̀ mọ́.

Ó sì ti dẹ́ṣẹ̀ sí òfin iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Pásítọ̀ ṣe fún un lórí àpótí yìí: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kó tẹ̀ ẹ́, kó má yọ ọ̀kan, kó má fi ọ̀kan kún un. "A kì í bá ẹni tó ń sunkún tún gbólóhùn ṣe," ni Pásítọ̀ máa ń wí. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò ka gbogbo rẹ̀ sétí ìjọ, ìjọ yóò sì gbàdúrà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan wà tí arákùnrin kan bẹ Olúwa pé kó bá òun di ajá onílé òun lẹ́nu. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, Pásítọ̀ kà á, onílé ọ̀hún sì wà lórí ìjókòó àwọn àgbà ìjọ. Àmín ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ títí dòní. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ ajá ló wá fi ìwé méjì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, tó tì í, tó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì.

Ó jáde bá Màmá tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìjẹta?"

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́? Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn èèyàn wa máa ń rántí Ọlọ́run." Màmá kò dáwọ́ ilẹ̀ gbígbá dúró. "Bàbá yín wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n lọ."

"Yàtọ̀ sí bàbá mi ńkọ́?"

"Yàtọ̀ sí bàbá yín, àwọn àdán òkè àjà. Ṣé nǹkan sọnù ni?"

"Rárá, Màmá. Nǹkan lé ni."

Màmá wá dúró wàyí, ó wò ó. Akọ̀wé ti kẹ́yìn sí i. Bàbá rẹ̀ kò tiẹ̀ sí nínú àwọn tó lè rò. Bíríkìlà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó mọ nọ́ńbà tó wà lára téèpù ìwọ̀n, ó parí síbẹ̀. Fún un, àkàbà ni "A". Ìka ló ń tẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ní kó fọwọ́ síwèé. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, Akọ̀wé ló ń ka orí Bíbélì kan fún un lálaalẹ́, bàbá á dijú, á máa mi orí.

Kò lè tẹ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́rin kò tíì lù tó fi ti ọ́fíìsì, tó ká ìwé kẹta sínú àtẹ́lẹwọ́, tó sì forí lé ilé.

Ilé dákẹ́ nígbà tó wọlé. Bàtà bàbá rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ni pé ó ti lọ sí ìsọ̀ télọ̀ tó máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Akọ̀wé bọ́ bàtà tirẹ̀, ó mú ọ̀nà yàrá rẹ̀ pọ̀n. Àárín ọ̀nà ló ti rí i pé ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, tí wọn kì í ṣí, ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ọwọ́ kan.

Nǹkan kan ń dún nínú ibẹ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Ìka lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìró ìka ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tẹ̀ lé e: "Gbà... dú... rà." Kọ́, kọ́, kọ́. "Gbà... dú... rà."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọ́ ọmọdé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ òun pàápàá lórí tábìlì yẹn kan náà. Orí Akọ̀wé wú. Ó ní kí òun ka sáàmù tí òun mọ̀ láti kékeré, ìlà àkọ́kọ́ jáde, ìlà kejì ò wá. Oṣù mẹ́rin tó ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá òun lóhùn, kò rò ó rí pé ìdáhùn lè máa kanlẹ̀kùn láti inú yàrá òkú.

"Olúwa, tó bá jẹ́ ìyá mi ni," ó sọ ọ́ sábẹ́ èémí, "jẹ́ kí n lè dúró." Ó wá fi ìka kan ti ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ̀ ló jókòó nídìí tábìlì náà, bàtà lẹ́sẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ sì ti ń wúwo láti bí ọdún méjì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú sọdá títì. Ó kọ lẹ́tà kan, ó gbé orí sẹ́yìn wò ó, ó tún sún mọ́ ọn.

"Bàbá."

Ó fọwọ́ bo ìwé náà kíá bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń wo ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"O tètè dé," ló wí.

"Ẹ mọ̀wé kọ."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ó wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Ìyá ẹ ló kọ́ mi. Ọdún tó lò kẹ́yìn. Tó bá ti wà ní ìjókòó, á ní kí n wá. Ó ní òun ò fẹ́ kí òun lọ tán kí n máa fi Bíbélì ṣe ìrọ̀rí."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ka Bíbélì fún yín lálaalẹ́!"

"Ìwọ mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ. Àti pé tí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n kà, ṣé wàá tún máa wá jókòó tì mí?"

Akọ̀wé tẹ́ ìwé kékeré náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín? Ọlọ́run nìkan ni mo sọ fún."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Fèrèsé ló ń bá sọ̀rọ̀ títí tó fi sọ ọ́ tán.

"Ọwọ́ ọ̀tún nìkan lo fi ń gbé garawa báyìí. O ti gbé báàgì ẹ kúrò léjìká òsì. Tí o bá ń sá aṣọ, wàá fún apá mọ́ra. Bí ìyá ẹ ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, fún ọdún kan gbáko kó tó dé ilé ìwòsàn. Mo rí i. Mo ní òun ló ni ara ẹ̀, òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ló mọ̀. Mò ń gbàdúrà, mo sì dákẹ́."

"Ọdún kan? Mo rò pé ilé ìwòsàn ló pa wọ́n."

"Ilé ìwòsàn kọ́. Dókítà ní ká ní a tètè wá ni. Èmi ló sọ ọ́ fún. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò pè mí, Bàbá? Inú ilé kan náà la jọ wà."

"Kí n pè ọ́ kí n ní kí ni? Kí bàbá pe ọmọ ẹ̀ obìnrin, kó ní..." Ó fi pẹ́ńsù júwe afẹ́fẹ́, kò parí ẹ̀. "Ẹnu mi ò gbà á. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sí Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ni yóò gbà kọjá."

Bàbá fa ìwé orí tábìlì mọ́ra, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ́ igun rẹ̀ tó ká.

"Ọjọ́bọ̀ méjì ni mo fi jókòó tí mò ń retí kí Pásítọ̀ kà á. Wọn ò kà á. Mo ní bóyá kò ṣeé kà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí gàdàgbà."

Omi lé ròrò sójú Akọ̀wé, ó sì jẹ́ kó dà. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ó ṣeé kà, Bàbá. Ó ṣeé kà dáadáa. Èmi ni mo fi wọ́n pamọ́."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe wà, ó fi wọ́n ṣáájú gbogbo yòókù, ó sì gbé e lọ fún Pásítọ̀. Pásítọ̀ kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Ìwọ kọ́ lò ń tẹ ìwé yìí?"

"Èmi ni, sà. Méjì nínú ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo yọ wọ́n."

Pásítọ̀ kò bá a wí. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí jù, sà."

"A máa kà á nírọ̀lẹ́ yìí, a sì máa dúró lé e lórí. Ìwọ má dúró gbọ́ ọ. Bàbá ẹ dà?"

"Wọ́n ń dúró dè mí níta, sà."

"Kí lo wá ń bá mi sọ? Máa lọ."

Ilé ìwòsàn ti kún. Lórí bẹ́ǹṣì gígùn tí wọ́n jókòó sí, Akọ̀wé ń gbàdúrà nínú, kì í ṣe àdúrà pé kí kókó náà pòórá mọ́. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí òun má sá. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì kọ ohun tó yẹ ní kíkọ sórí fọ́ọ̀mù, ó ní ta ni ẹbí tí yóò fọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ Bàbá tí sìmẹ́ńtì ti jẹ fún ogójì ọdún, ó sì sún páàdì yíńkì sọ́dọ̀ rẹ̀ láìbéèrè.

"Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí."

"Ọmọ mi, bá mi wá bírò," ni Bàbá wí.

Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pòṣé, nọ́ọ̀sì ń wo aago, Bàbá ń kan ìka mọ́ tábìlì, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ èémí kó tó kọ ọ́. Ó kọ orúkọ tirẹ̀. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí aláìsàn jẹ́ sí i. Akọ̀wé na ọrùn. Ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ ló rí, gàdàgbà, ìlà kékeré dúró ṣánṣán lábẹ́ "ọ" méjèèjì: Ọmọ mi.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà pe nọ́ńbà rẹ̀ láti inú yàrá, Akọ̀wé sì dìde.