Aṣọ Mọ́kànlá Níwájú Onífáìlì

Nígbà tí àjọ onínúure náà kọ́kọ́ dé àdúgbò, aránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí àjọ náà ṣe oore tán, aránṣọ di mẹ́tàlélógójì. Ogójì obìnrin gba sátífíkéètì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì gbé máṣíìnì kọ̀ọ̀kan relé. Ìyá Aránṣọ, tó ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà láti ọdún méjìlélógún, wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò mọ̀ pé àwọn oníbàárà òun lòun ń pàtẹ́wọ́ lé lọ.

Ọdún kan ti kọjá lórí ìyẹn. Ta ló fẹ́ gbé aṣọ wá fún Ìyá Aránṣọ nígbà tí ìyàwó àbúrò ẹni ń bẹ̀bẹ̀ kí òun bá èèyàn rán an lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ òun má baà dákẹ́? Aṣọ mọ́kànlá péré ló kù lórí háńgà. Àjọ náà sì tún fẹ́ kọ́ ogójì mìíràn. Tí wọ́n bá fi lè kọ́ wọn, Ìyá Aránṣọ á palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àjọ tó ń gbọ́ tẹnu aráàlú ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wọn ire tí àwọn ti ṣe, kí àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì fúnra wọn dá sí i. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá tí fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Kò lo ọjọ́ méjì tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Onífáìlì. Ó yan àgbàlagbà márùn-ún ṣe ìgbìmọ̀, ó fi Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ṣe alága, ó sì fi Ìyá Aránṣọ kún wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo fáìlì yẹn: ṣé inú yín dùn? Ó ti bi ogójì obìnrin, ogójì sì ti dá a lóhùn pé inú àwọn dùn dé góńgó. Ta ni yóò gba máṣíìnì lọ́wọ́ àlejò tán, tí yóò wá wò ó lójú pé inú òun ò dùn? Onífáìlì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdùnnú pé pérépéré, kò ku ẹnì kan.

Ìyá Aránṣọ kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Lọ́jọ́ tí Onífáìlì ka èsì yìí fún ìgbìmọ̀, obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ti inú dídùn sílẹ̀, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú aṣọ kan wá tí ẹnìkan gbé fún un rán nínú oṣù yìí. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Onífáìlì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní ó ti wà lọ́kàn òun tẹ́lẹ̀.

Inú Ìyá Aránṣọ ń dùn bọ̀ wálé. Ó mọ ibi tí àwọn máṣíìnì yẹn wà: igun yàrá, lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọ̀kan tiẹ̀ ti di tábìlì tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí kò rò ni pé àwọn èèyàn rẹ̀ kì í lọ síwájú àlejò lọ́wọ́ òfìfo. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọn ire náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ogójì, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

“Àǹtí, ẹ yá mi ní aṣọ kan. Mo máa dá a padà lónìí.”

“Aṣọ oníbàárà mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé sátífíkéètì lásán lẹ fẹ́ kí n gbé dání síwájú gbogbo ayé ni?”

Tó bá kọ̀, ojú á ti ọmọ. Tó bá gbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó já gáùnù kan lórí háńgà, ó nà án sí i. Kó tó yíjú, èkejì ti dé, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń yá èèyàn láṣọ níbí. Báwo ni yóò ṣe kọ̀ fún ìyàwó aládùúgbò lẹ́yìn tó ti ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n? Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, háńgà ti ṣófo. Àwọn tó pẹ́ dé tiẹ̀ bá a wí pé kò fi tiwọn pamọ́. Wọ́n yà sílé, wọ́n ká ṣòkòtò ọkọ wọn. Ọkọ náà kúkú jẹ́ oníbàárà.

Ní gbọ̀ngán, ogójì obìnrin gbé ogójì aṣọ sókè. Onífáìlì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré kọ ọ́ sínú fáìlì.

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó nawọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ.

“Gáùnù mi nìyẹn. Ìyá Aránṣọ ni mo gbé e fún, mo sì ní kó fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yí i wò, ọmọ mi.”

Àpò wà níbẹ̀. Tíṣà àgbà, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, rí ṣòkòtò tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó ní abájọ tí Ìyá Aránṣọ fi ń sọ fún òun pé kò tíì ṣetán. Ẹ̀rín sọ. Onífáìlì nìkan ni kò rín. Ó ní kí Ìyá Aránṣọ la ọ̀rọ̀ náà yé òun.

Irọ́ ti wà létè Ìyá Aránṣọ: ó lè ní òun ló pín iṣẹ́ fún wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá Aránṣọ ro ti ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ kọ ọ́ báyìí: aṣọ mọ́kànlá, aránṣọ kan. Àwọn tó kù, ṣòkòtò ọkọ wọn ni.”

Onífáìlì kọjú sí ọmọ náà, ó bi í bóyá òótọ́ ni.

“Òótọ́ ni, sà. Láti ìgbà tí mo ti gba máṣíìnì, ẹnì kan ò tíì gbé aṣọ wá fún mi.”

Bó ṣe jókòó, ẹnu àwọn tó kù là. Ọ̀kan ní òun ò tíì ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì òun rí. Òmíràn ní iṣẹ́ irun lòun ti fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi òun. Onífáìlì kọ ọ́ títí yíǹkì fi tán nínú bírò. Ó gbà pé kò ní sí ogójì mìíràn. Síbẹ̀, kó má baà padà lófìfo, ó ní òun yóò kọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá òun pé ìfẹ́ ti gbilẹ̀ láàárín àwọn obìnrin àdúgbò débi pé wọ́n ń yá ara wọn láṣọ.

Lọ́sàn-án, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé gáùnù padà wá. Kò kí i. Apá gáùnù ti rún wómúwómú. Ìyá Aránṣọ na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù, ọmọ náà já a gbà.

“Àǹtí, ẹ dójú tì mí.”

“Mo mọ̀. Má bínú.”

Ọmọ náà tẹ́ gáùnù sórí tábìlì, ó fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lójú bẹ́ẹ̀.

“Yí inú rẹ̀ síta ná, kí ojú aṣọ má baà jó,” ni Ìyá Aránṣọ wí. “Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ìyẹn?”

Ó pòṣé, ó sì yí i.