Mọ́wà Bàbá Mi Lọ́wọ́ Lájídé

Inú mi kì í dùn tí mo bá ń gbọ́ ohùn mọ́wà Lájídé. Ẹ ní mò ń jowú? Mò ń jowú, kí lẹ fẹ́ ṣe? Bàbá mi ló ni mọ́wà náà. Òun ló fi ń gé koríko ilé-ẹ̀kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, Lájídé ará ilé kejì ló gbé e fún, ó ní èmi Ọlábímtán, àkọ́bí òun, kò ní sùúrù fún ẹ̀rọ. Ṣé wọn ò sọ fún un pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn ni?

Kí ló tiẹ̀ wà lára ògbólógbòó yẹn? Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, èéfín rẹ̀ ń tani lójú. Ẹ ò lè kàn rọ pẹtiróò sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ po ọ́ìlì mọ́ ọn. Bí ọ́ìlì bá kéré, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo gbogbo ìlú Kábbà. Ṣùgbọ́n Lájídé á pò ó, á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn. Bàbá á wá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí. Ara mi á gbóná.

Èmi náà lọ sí Ìlọrin, mo ra tuntun. Kò sí wàhálà pípò: ọ́ìlì ní ilé tirẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pẹtiróò ní tirẹ̀. Kì í rú èéfín. Bàbá wò ó, ó ní, "Ó dára," ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń jẹ.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ikú ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, ku ọ̀la, koríko ti bo sàréè rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn ilé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ẹkinrin-Àdde. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń tún ojú oórì ìyá rẹ̀ ṣe. Mo débẹ̀, mo bá Lájídé tó ń po epo.

"Gbé e kúrò," mo ní. "Ìyá tèmi ni."

"Bímtán," Bàbá pè mí, "òkè nibẹ̀ yẹn o. Tìrẹ, bó bá fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ pẹ́, ọ́ìlì á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin á máa ha irin. Ti Lájídé ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni. Ibi yòówù kó dorí kọ, ọ́ìlì ń bá a lọ."

Ti Lájídé, ti Lájídé! Mo tan tèmi, mo gùnkè. Mo gé ìlà kan, mo gé ìkejì, mo ń wo ojú Bàbá. Kí n tó dé ìdí sàréè, ẹ́ńjìnnì náà han gooro, ó sì dákẹ́. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Kò mì.

Lájídé ò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí ìdí bá a jà. Ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, èéfín rẹ̀ bò mí lójú, ó gé koríko yí Ìyé ká, ó sì fi ọwọ́ fa èyí tó kù létí sìmẹ́ńtì.

Bàbá dìde, ó ń tẹ̀pá gùnkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá lára mi. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Lájídé, ó kọjú sí sàréè.

"Okun o, Ìyé Bímtán," ó kí i. "Ọmọ rẹ ti tún ilé rẹ ṣe."

Orúkọ mi ló fi pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò léjìká Lájídé.