Ẹrù Tí Tìẹńkọ́ Gbé

Ní Abà Alágbọn, lẹ́yìn Mọ́níyà, bí ẹran ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, Mùnírù ni wọ́n ń sáré pè. Ọ̀bẹ rẹ̀ ló mú jù, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Kí àgbò tó ń mí gúlegúle tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Mùnírù á ti dojú rẹ̀ kọ gábàsì, á ti ṣe bisimilá, ọ̀rọ̀ á sì ti parí. Kò sí ẹni tó ń pe èyí ní àánú o. Kí ẹran má baà kú fúnra rẹ̀, kó di òkúǹbete, ni wọ́n ṣe ń pè é, nítorí mùsùlùmí kì í jẹ òkúǹbete.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ajá Mùnírù fi rú gbogbo wọn lójú. Wọn kò ní jẹ ajá, ẹran tí wọn kò sì ní jẹ, ta ni yóò máa kánjú sí ikú rẹ̀? Àgbò tí Mùnírù kò mọ̀ rí kì í jẹ̀rora pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá tó fẹ́ràn bí ojú ti wà lábẹ́ igi ọsàn láti ọjọ́ Jímọ̀, tó ń kérora tọ̀sán tòru. Ọmọ aráyé, ẹ wo bí a ti rí.

Tìẹńkọ́ ni orúkọ ajá náà. Ọkùnrin kan tí oko wọn jọ pààlà ló fa orúkọ yẹn, ẹni tí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílé Mùnírù tí kò ní rí nǹkan sọ sí i. Láràárọ̀ ni Mùnírù ń dúró létí ààlà, tí á máa pe ajá rẹ̀, "Tìẹńkọ́! Tìẹńkọ́!" títí ọkùnrin náà fi ta oko, tó kó lọ sí apá Akanran. Mùjíbátù ìyàwó Mùnírù kò kọ́kọ́ fẹ́ ajá nínú ilé. Ó ní kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀, abọ́ rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà lọ́tọ̀, kó má baà ba ìmọ́tótó ìrun àwọn jẹ́.

Ọjọ́ kànga ni nǹkan yí padà. Kànga àtijọ́ kan wà nínú oko ẹ̀gẹ́ wọn tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ já mọ́ Mùnírù lẹ́sẹ̀, ìsàlẹ̀ ló bá ara rẹ̀, itan rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi wọlẹ̀. Tìẹńkọ́ kò kúrò létí kànga. Láti ìyálẹ̀ta ló ti ń gbó, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohùn tòun náà ti há. Ohùn tó há yẹn ni Fáwùnmí gbọ́ nígbà tó ń ti igbó ọdẹ bọ̀, tó fi lọ pe àwọn ènìyàn wá. Ọ̀rẹ́ Mùnírù láti kékeré ni Fáwùnmí. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń bọ Ògún, kò sì sí ọjọ́ tí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Láti ọjọ́ náà ni Mùjíbátù ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún ajá, tó bá sì kírun tán, á bá a tọrọ ẹ̀mí gígùn.

Ọlọ́run gbọ́ àdúà yẹn, Tìẹńkọ́ dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n kókó kan yọ sí i lábẹ́ ikùn. Ó ń tóbi, ó ń tóbi, títí ó fi bẹ́, tí eṣinṣin wá sọ ibẹ̀ di ilé. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n ra oògùn, kò gbọ́. Zubaidah ọmọ wọn tó ń gbé Mọ́níyà mú dókítà ẹran kan wá, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń jẹ́ Olúfúnmi. Dókítà yẹ ajá wò, ó ní àrùn náà ti wọ inú lọ, kò sí ohun tó lè wò ó mọ́. Ó ní òun lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn, òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e tí kò ní jẹ́ kó jí, kò sì ní jẹ̀rora. Mùnírù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ pè é padà.

Ohun méjì ló dì í lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ọpẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ajá tó gba ẹ̀mí mi là, ṣé èmi ni n ó wá gba ẹ̀mí rẹ̀? Ìkejì wúwo ju ìyẹn lọ, ẹnu àwọn tó ń wá kí i ló sì ti gbọ́ ọ. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, pé kó máa dúpẹ́, ikú tó yẹ kó pa olówó ajá ni ajá gbà rù. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nìyẹn bí ohun ọ̀sìn bá ń kú, kí ara lè tu olúwarẹ̀. Fáwùnmí nìkan ló bá a sọ ọ́ débi tó bani lẹ́rù. Ó jókòó tì í lábẹ́ igi ọsàn, ó ń wo ajá, ó ní:

"Mùnírù, má jẹ́ kí dókítà yẹn fọwọ́ kàn án. Ẹrù ẹ ló wà lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ fún un kó tó délé, orí ẹlẹ́rù ló ń padà sí. Jẹ́ kó gbé e dé ibi tó ń gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kí n sin ẹ́."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, Mùnírù sì mọ̀. Ó lọ bá Alífáà Safwan ní mọ́ṣáláṣí. Alífáà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ ẹranko nínú ìrora tí kò lóògùn, pé àánú ni, àti pé ọ̀rọ̀ ẹrù tí wọ́n ń sọ yẹn, kò sí nínú Kùránì. Mùnírù gbà. Ó kúrò ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rù sì ń bà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù kò kéwú, kò mọ ohun tó wà nínú Kùránì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùnírù mú àdá, ó wọ bàtà oko. Kò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ ṣe lóko, igbe ajá ló fẹ́ sá fún. Tìẹńkọ́ gbọ́ ìró bàtà. Ó gbé orí sókè, ó fi ẹsẹ̀ iwájú ti ilẹ̀, ó fẹ́ dìde bá olówó rẹ̀ lọ bó ti máa ń ṣe. Ó ṣubú. Ó tún gbìyànjú, ó tún ṣubú, ìrù rẹ̀ sì ń na ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mùnírù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ojú tì í. Bí wọ́n bá parọ́, a jẹ́ pé lásán ni ajá yìí ń jìyà. Bí wọ́n bá sì sọ òótọ́, bí ẹrù òun bá ni lóòótọ́, irú èèyàn wo ló ń jókòó sábẹ́ ibòòji tó ń wo ẹni tó bá a rù ú, tí ọrùn ẹni yẹn ti ń kán, nítorí pé ó ń tọ́jú ọrùn tirẹ̀? Ó fi àdá sílẹ̀, ó mú fóònù, ó ní kí Zubaidah mú dókítà padà wá.

Ọ̀kadà ló gbé àwọn méjèèjì dé lọ́sàn-án. Fáwùnmí ti wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri ilé ìdáná. Dókítà Olúfúnmi kúnlẹ̀ kí Mùnírù, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín. Tí ẹ bá ní kí n máa lọ báyìí, màá lọ, mi ò sì ní bínú."

Mùnírù ní kó má lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí ajá lé itan rẹ̀. Itọ́ ajá ń dà sára jalámíà rẹ̀. Mùjíbátù rí i, ó kàn lọ pọn omi sínú kẹ́tùlù, ó gbé e tì í fún ìgbà tí yóò fẹ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́. Dókítà fún ajá ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ìkérora náà fi dẹwọ́, tó sì dákẹ́ pátápátá. Gbogbo agbo ilé gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Zubaidah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kí dókítà tó mú abẹ́rẹ́ kejì, Mùnírù ní kó dúró ná. Ó tẹ̀ sí etí ajá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kéré tó bó ti rò.

"Tìẹńkọ́, o káre. O ṣe é fún mi, mo mọ̀, Ọlọ́run náà mọ̀. Ibi tó o bá mi gbé e dé ti tó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó bá kù, tèmi ni, n ó rù ú fúnra mi."

Ó mi orí sí dókítà. Ọwọ́ tó fi di orí ajá mú kò gbọ̀n, ó sì ń fi ìka rẹ̀ pa á lágbárí títí dókítà fi sọ fún un pé ó ti parí.

Mùjíbátù mú ìró rẹ̀ kan wá, èyí tó ṣì dára, wọ́n fi wé ajá. Nígbà tí Mùnírù fi máa gbójú sókè, Fáwùnmí kò sí lára ògiri mọ́. Ó rò pé ó ti lọ sílé, kò sì dá a lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí Fáwùnmí gbà gbọ́. Àṣé ẹ̀yìnkùlé ló lọ, tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú erùpẹ̀ lọ́wọ́. Ó bá Mùnírù níbi tó ti ń gbìyànjú láti dá gbé òkú náà pẹ̀lú itan rẹ̀ tí kò bọ̀ sípò tán látọjọ́ kànga. Fáwùnmí bẹ̀rẹ̀, ó di ìró mú lápá kejì.

"Mo gbọ́ nǹkan tó o sọ fún un," ó ní. "Bí ẹrù náà bá ń padà bọ̀, ilé mi ni kó kọ́kọ́ yà."

Wọ́n jọ gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì ń rọra rìn nítorí ẹsẹ̀ Mùnírù.