Iná Tí Oyèwùmí Kò Pa

Ẹni tó bá wọ yàrá tí Oyèwùmí ti ń ṣiṣẹ́ kò ní í mọ̀ pé ohun tó lè pa ènìyàn ni wọ́n ń darí níbẹ̀. Yàrá náà tutù, kò sí ariwo. Àwòrán gbogbo ojú irin ìlú Chicago ló kún ògiri kan, pẹ̀lú ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé. Ibi tó bá pupa, iná wà níbẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n ti pa á.

Irin mẹ́ta ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń lò. Ó ń rìn lórí méjì, ara ìkẹta ló ti ń fa iná. Wọ́n gé irin oníná yìí sí abala-abala, kí wọ́n lè pa iná ibì kan láì dá gbogbo ìlú dúró. Oyèwùmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pa á, àwọn náà ló ń tàn án. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí irin ní láti pè wọ́n lórí rédíò, kó sọ nọ́ńbà abala tó fẹ́. Wọ́n á tún nọ́ńbà náà pè fún un, òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Àsọtúnsọ yẹn máa ń sú wọn, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ẹ̀mí sí.

Bámidélé ló mú Oyèwùmí dé ibẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, Bámidélé sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Òun wà lára àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ tún ojú irin ṣe. Nígbà tí Oyèwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, pálọ̀ Bámidélé ní Albany Park ló sùn fún oṣù márùn-ún. Bámidélé ló bá a wá fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà, orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n máa bi í. Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í lọ síbi iṣẹ́ láì bo oúnjẹ Oyèwùmí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù kẹta, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí irin oníná nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan tí ọkọ̀ ń gbà láàárín ìlú. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró lápá méjèèjì, Bámidélé àti ẹnì kan sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ti kú sójú ọ̀nà níbòmíràn, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lẹ́ẹ̀kan náà. Bámidélé bá fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe Oyèwùmí.

"Wúmí, rédíò yìí ò lọ jàre. Bá mi pa ti apá ọ̀tún níbi tá a wà yìí."

Ó ti dé ẹnu Oyèwùmí kó béèrè nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Báwo ló ṣe fẹ́ máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé, nígbà tó jẹ́ pé òun ló mú un wọṣẹ́? Ó wo ògiri, ó rí apá ọ̀tún, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìlà náà di àwọ̀ ewé.

"Ó ti kú, ẹ̀gbọ́n."

"O ṣeun."

Gúúsù ni Bámidélé kọjú sí. Ọ̀tún tirẹ̀, òsì ni lórí ògiri Oyèwùmí.

Bámidélé ní ẹ̀rọ kékeré kan lápò tó yẹ kó fi dán irin náà wò kó tó fọwọ́ kàn án. Kò yọ ọ́. Àbúrò òun ti ní ó ti kú. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, aago dún ní yàrá Oyèwùmí, ìlà pupa kan lápá òsì sì di àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Irin oníná kì í ṣàdédé pa ara rẹ̀ bí nǹkan kò bá kàn án. Oyèwùmí ti mọ̀ pé iná ti gbé Bámidélé kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Bámidélé kò kú. Àwọn dókítà gé ìka mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyókù ò sì ká mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní òun lòun ò dán irin wò, ó ní ẹ̀bi òun ni. Kò dárúkọ fóònù rárá. Wọ́n bi Oyèwùmí náà.

"Ibi tó ní kí n pa ni mo pa," ló sọ.

Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n dá Bámidélé dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ ń bá wọn fi ọwọ́ òsì ka ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville.

Oyèwùmí ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ó ń lọ kí wọn tẹ́lẹ̀, ó wá di pé ó ń pè wọ́n, ó wá di pé kò pè mọ́, nítorí ohùn Bámidélé kò yí padà sí i, ìyẹn ló sì ń gún un jù.

Nínú oṣù kẹwàá, ó pàdé Ọmọ́níkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní West Ridge. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àǹtí. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Ọmọ́níkẹ́ wò ó títí. "Wọ́n wà. Mo rí i lórí fóònù wọn, Wúmí. Mo rí call yẹn, mo rí time ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní o máa wá fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Oṣù méje rèé."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèwùmí wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ògiri yẹn, wọ́n sì fi í sídìí ìwé. Wọ́n tún àkọsílẹ̀ Bámidélé ṣe, wọ́n ní kó padà wá máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́. Bámidélé ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò yẹn mọ́ láé.

Lọ́jọ́ Sunday, Oyèwùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ tó ti sùn rí.

"Dìde," ni Bámidélé wí. "Mo ti gbọ́ pé o sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ká ní mo béèrè nọ́ńbà ni…"

"Kì í ṣe nọ́ńbà. Èmi náà ò dán irin wò. Iṣẹ́ ló jó mi lọ́wọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ru ẹ̀bi yẹn, mo ní ìwọ á sáré wá gbà á lórí mi. O sì jókòó, ò ń wò mí."

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Oyèwùmí ti sọ ọ́, bóyá wọn kì bá tí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bóyá òun ì bá lè gbójú sókè wò ó báyìí.

Àkókò iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ti tó. Bámidélé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, Oyèwùmí sì yára kúnlẹ̀ láti bá a so okùn rẹ̀. Bámidélé fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, kò fi ìbínú ṣe é.

"Fi sílẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ á so ó."

Ọmọ́níkẹ́ so ó. Oyèwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò fi gbé Bámidélé lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó wọlé padà wá jókòó.